Prius Alájì Ìdúmọ̀tà: ohun tó ń pa bátìrì hybrid ẹ̀, àti iye owó tó bá a lọ

Ó ń sú mi báwọn èèyàn ṣe máa ń pè mí tí wọ́n á kàn ní "Ẹnjiníà, èló ni bátìrì hybrid báyìí?", bí ẹni ń bèèrè owó gààrí. Mi ò kì í tètè dáhùn, torí kí lẹ fẹ́ fi iye tí mo bá sọ ṣe nígbà tá ò tíì mọ ohun tó pa èyí tó wà nínú mọ́tò yín? Ẹ jẹ́ n fi mọ́tò kan ṣàlàyé ẹ̀, Prius 2010 (mọ́tò Toyota tó jẹ́ hybrid, ìyẹn tó ń fi epo àti iná bátìrì ńlá kan rìn) ti Alájì kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, torí gbogbo ohun tó lè ṣe bátìrì hybrid l'Ékòó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ti mọ́tò yẹn tán. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ ọ́, wọ́n ní kí n ṣáà má dárúkọ àwọn.

Ọ̀gùdù l'Alájì ń gbé. Láàárọ̀ wọ́n á gba Third Mainland, wọ́n á já sí Adéníji, wọ́n á wá máa fà díẹ̀díẹ̀ wọ Ìdúmọ̀tà, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Camry Muscle ni wọ́n ń wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí epo tí ò tó ₦200 lítà fò di nǹkan bíi ₦500 lọ́wọ́ kan, Alájì ní àwọn ò lè máa fi èrè orí léèsì ra epo, ni wọ́n bá ta Muscle, wọ́n lọ gbé Prius tokunbo ní ọjà mọ́tò Bẹ́gà. Epo ò sì dúró síbẹ̀ o, kí 2024 tó parí ó ti kan ₦1,000. Mi ò bá wọn wí rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní hybrid ò bá Nàìjíríà mu, ẹ lọ dúró lórí Third Mainland láago méje àárọ̀ kẹ́ ẹ wo mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú tí éésì ẹ̀ ṣì ń fẹ́, tó ń fi iná bátìrì wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láìjó epo, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Toyota ti ń ta Prius ní Japan láti 1997, kì í ṣe nǹkan àná.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò sọ fún Alájì ní Bẹ́gà ni ọjọ́ orí bátìrì. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 8 tàbí máìlì 100,000 ni gàrańtì bátìrì hybrid fún Prius ìgbà yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ bíi California nìkan ló ń gba ọdún 10 tàbí máìlì 150,000. Mọ́tò 2010 tó wọ Èkó ní 2023, gàrańtì ẹ̀ ti parí kó tó gun ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe pé ìyẹn burú o, Prius tó rin máìlì 200,000 lórí bátìrì tó bá wáyé ò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n àgbà ni bátìrì yẹn, ẹ ò sì lè máa lò ó bí ọmọdé.

Bí ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n rà á ni iná onígun mẹ́ta pupa yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò kọ̀wé pé kí wọ́n lọ yẹ hybrid wò. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó rí i (mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni) pààrọ̀ bátìrì kékeré, èyí tó jẹ́ 12 fóòtì (volt) tó wà nínú bọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé bátìrì méjì ló wà nínú ẹ̀, kékeré yẹn kàn ń jí kọ̀ǹpútà mọ́tò ni, kò lè ta ẹ́ńjìnnì torí Prius ò ní sítátà bíi ti mọ́tò yòókù, bátìrì ńlá ẹ̀yìn ló ń yí ẹ́ńjìnnì dìde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí bátìrì ńlá bá kú pátápátá, títì ò ṣe é tì, kẹ́ ẹ pe ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò ni. Iná pupa padà yọ. Ẹnì kejì so skánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń sọ) mọ́ ọn, ó rí P0A80, tó jẹ́ pé ohun tí kóòdù yẹn ń sọ ni pé bátìrì hybrid ti tó pààrọ̀, ó ní kí Alájì má dà á láàmú, òun máa bá wọn yọ sẹ́ẹ̀lì méjì tó kú, òun á fi méjì míì sí i. Wọ́n san owó, iná lọ. Kò pẹ́ púpọ̀ ó tún dé, wọ́n tún yọ sẹ́ẹ̀lì, ó tún lọ, ó tún dé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Gbàgádà, owó tí wọ́n ti san káàkiri ti lé ní ₦300,000, inú wọn ò sì dùn sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ rewáyà.

"Ẹnjiníà, ẹ má sọ gírámà fún mi. Ṣé ẹ lè ṣe é àbí ẹ ò lè ṣe é?"

Mo ní, "Alájì, ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ á wò ó."

Kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú àpótí bátìrì ńlá yẹn kó lè yé yín. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ 28 ni wọ́n tò ti ara wọn lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7.2 fóòtì, torí kékeré mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1.2. Ẹ bá gbogbo ẹ̀ ṣírò, 201.6 fóòtì. Nickel-metal hydride ni wọ́n, kì í ṣe lithium. Wọ́n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni, iná tó bá gba inú ọ̀kan kọjá gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo wọn, nítorí náà tí ọ̀kan bá rẹ̀, gbogbo ilé ló rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ wọn ní méjì méjì, ọ̀nà 14, tí ọ̀kan bá ti já sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, iná pupa nìyẹn. Kọ̀ǹpútà yìí náà ò jẹ́ kí bátìrì kún tán, kò jẹ́ kó gbẹ tán, àárín bíi 40 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dá a dúró sí, ìyẹn ló jẹ́ kó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà ò lè dá ṣe fún un ni ooru. Fáànù kan ló ń fa atẹ́gùn láti inú mọ́tò, láti ibi tí èèyàn jókòó sí, lọ fẹ́ bátìrì, ẹnu ibi tó ti ń fà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó ní ihò gbọọrọ gbọọrọ, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sípíkà ni.

A so skánà mọ́ ọn, a ní kí ọmọ iṣẹ́ kan wà á lọ sí Ìfàkò kó padà kí n lè máa wo bó ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀nà 14 yẹn, àwọn tó wà létí wà ní bíi 15.6 fóòtì, àwọn tàárín ń já sí 14.3, tí mọ́tò bá sì fẹ́ fi agbára gun gíga wọ́n á tún já ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ńsọ̀ ooru tàárín kà 51 dìgírì. Atẹ́gùn tó ń wọlé sì jẹ́ 34. Bátìrì tó ń gba atẹ́gùn dáadáa ò yẹ kó gbóná tó bẹ́ẹ̀ láàárín Gbàgádà sí Ìfàkò, nígbà tí kì í tiẹ̀ ṣe orí bíríìjì.

Ìgbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ẹrù aṣọ. Bẹ́ẹ̀lì àǹkárá dé léèsì dé àwọn ọ̀rá tí wọ́n fi di nǹkan, wọ́n kó o jọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn débi pé ihò atẹ́gùn yẹn ò ríran rárá. Mo bi Alájì pé ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí, wọ́n ní ṣebí ọjà làwọn ń tà, ibo làwọn á kó o sí, bọ́ọ̀tù ti kún. Mo tún bi wọ́n pé éésì ńkọ́? Wọ́n ní àwọn kì í tan éésì tí kì í bá ṣe pé àlejò wà nínú mọ́tò, wíńdò làwọn ń yí sílẹ̀ kí epo lè pẹ́. Ẹ wò ó, atẹ́gùn tí ẹ̀yin ń mí nínú mọ́tò náà ni bátìrì ń mí. Ẹni tó bá yí wíńdò sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán lórí Third Mainland, atẹ́gùn gbígbóná àti èéfín dánfó ló ń fún bátìrì. Nínú hybrid, epo táṣẹ́rẹ́ tí éésì ń jẹ, owó ìtọ́jú bátìrì ni. Èyí yà Alájì lẹ́nu ju gbogbo ohun tí mo sọ lọ.

A tú u. Níbi tá a bá ń tú bátìrì hybrid, mi ò kì í gba eré. A kọ́kọ́ yọ bátìrì kékeré, a fa pọ́lọ́gì ààbò yọ lára bátìrì ńlá, ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà lọ́wọ́, a wá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù sínú ínfátà lè rọ̀. Gbogbo wáyà aláwọ̀ ọsàn tẹ́ ẹ bá rí nínú mọ́tò yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iná tó lé ní igba fóòtì ni, ó lè pa èèyàn. Ọmọ iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti na ọwọ́ lásán síbẹ̀, mo pariwo mọ́ ọn débi pé ìyá oníbọ̀ọ́lì òdì kejì títì dìde.

Fáànù la kọ́kọ́ yọ. Mo ti rí ti onírun ajá rí, ti àwọn tó ń gbé ajá kiri ní Lẹ́kí, ṣùgbọ́n ti Alájì yàtọ̀: òwú aṣọ ni. Ó ti di mọ́ gbogbo abẹ́ fáànù yẹn, búlúù, pupa, wúrà léèsì tó ń dán, eruku ti pò ó pọ̀ ó ti le, débi pé nígbà tí mo fi ìka yí fáànù, kò yí tó ìlàjì kó tó dúró. A fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, a fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ohun tó bọ́ sílẹ̀ kún ike bọ́tà kan. Alájì mú un wò, wọ́n wá ní "ṣé àǹkárá mi ló pa mọ́tò mi?"

Lẹ́yìn náà ni mo fi mítà wọn sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ẹnì kejì yẹn pààrọ̀ wà ní 8.0, àwọn tó wà létí 7.8, 7.9, àwọn tó wà láàárín ni mẹ́ta wà ní 6.6. 6.6 yẹn kì í parọ́, ó túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú kékeré mẹ́fà tó wà nínú ẹ̀ ti kú, 1.2 ti lọ nínú 7.8. Ààrin ló máa ń kọ́kọ́ kú torí àwọn tó wà létí ṣì ń rí ibi fọ́n ooru sí, àwọn tàárín ooru ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń gbà. Àwọn irin bàbà tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ náà sì ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé, ó kù díẹ̀ kí méjì nínú wọn jẹ tán.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí ẹni tó ń pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì méjì méjì ṣe. Kò purọ́, sẹ́ẹ̀lì tó kú ló yọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò wo fáànù, kò fọ irin bàbà, sẹ́ẹ̀lì tó fi sí i lágbára ju àwọn àgbà tó bá níbẹ̀ lọ, wọn ò lè rìn pọ̀, èyí tó lágbára á ti kún nígbà tí àgbà ò tíì kún, àgbà á sì gbẹ nígbà tí èyí tó lágbára ṣì ní. Inú ooru kan náà ni wọ́n sì jọ wà. Kó tó di oṣù díẹ̀ ẹlòmíì á kú. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì láé o, mo ń ṣe é fún èèyàn, tí bátìrì bá ṣì dára tí ọ̀kan péré bàjẹ́, tá a bá sì wọn gbogbo wọn, tá a wá èyí tí agbára wọn bára mu, ó lè gbé ẹni tó ń wá owó jọ débìkan. Bátìrì Alájì ti kọjá ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan owó. Mo sọ ọ̀nà mẹ́ta fún wọn. Bátìrì tuntun tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tuntun ní gbogbo ẹ̀, tá a máa ní kí wọ́n bá wa kó wọlé: iye tí wọ́n dá fún wa lé ní mílíọ̀nù méjì náírà, torí dọ́là ni wọ́n ń tà á, ẹ sì mọ ohun tí ojú náírà ti rí látìgbà tí wọ́n fi sílẹ̀ kó dá ara ẹ̀ wọ̀n ní June 2023. Tokunbo odidi láti Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò: láàárín ₦650,000 sí ₦850,000, bí ẹnu yín bá ṣe mú tó. Àtúnṣe sẹ́ẹ̀lì ní ₦35,000 ẹyọ kan, tó jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ màá pààrọ̀ tó mẹ́wàá.

Alájì ní, "Mílíọ̀nù méjì? Ṣé kí n tún ra mọ́tò míì ni?" Ọmọ wọn tó wà ní Houston tiẹ̀ ti pè pé kí wọ́n tà á bó ṣe wà kí wọ́n padà sí Muscle. Mo ní kí wọ́n mú kákúléètọ̀ wá. Ní oṣù kan wọ́n ń rìn tó kìlómítà 1,000, Ìdúmọ̀tà dé Òṣòdì dé ìnáwó òpin ọ̀sẹ̀. Muscle nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tó bá ṣe kìlómítà 8 lórí lítà kan, ó gbìyànjú, ìyẹn lítà 125. Prius tí bátìrì ẹ̀ pé, kìlómítà 18, ìyẹn bíi lítà 55. Àádọ́rin lítà ló wà láàárín, ní ₦900 lítà kan (bó ṣe wà nígbà yẹn), ₦63,000 lóṣù. Tí bátìrì tokunbo àti owó iṣẹ́ bá jẹ́ ₦750,000, ọdún kan péré ló máa san ara ẹ̀. Tuntun á tó ọdún mẹ́ta. Mo sọ tinú mi fún wọn, pé tí wọ́n bá fẹ́ lo mọ́tò yìí tó ọdún márùn-ún, tuntun ni mo máa rà tí mo bá jẹ́ wọn, torí tokunbo náà àgbà ni, a kàn ń wá àgbà tó ṣì lágbára ni. Wọ́n ní owó ọdún Iléyá ò ní jẹ́ kó ṣe é ṣe. Ládípọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá lọ ra bátìrì hybrid ní Ládípọ̀ láìmú mítà àti gílóòbù iná iwájú mọ́tò dání, orí ẹ̀ ló ń bá a rà á. Fóòtì lásán máa ń tanni, bátìrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná sí lálẹ́ àná á kà 7.9 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó ń tú àṣírí ni kí sẹ́ẹ̀lì gbé ẹrù iná: ẹ so gílóòbù mọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ máa wo mítà. Èyí tó lágbára á já díẹ̀ á sì dúró, èyí tó ti kú á máa rọ́ lọ lójú yín. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, bátìrì ẹ̀ dán, wọ́n ti fi nǹkan nù ún, àmọ́ nígbà tí mo so gílóòbù mọ́ ọn, mẹ́rin rọ́ sí ìsàlẹ̀ 6.5. Inú bí oníṣọ́ọ̀bù, ó ní gbogbo àwọn tó ń rà lọ́wọ́ òun kì í ṣe báyìí, pé tí mi ò bá ní owó kí n lọ. A lọ.

Mo tún máa ń wo orí nọ́ọ̀tì. Tí ojú irin bá ti họ, wọ́n ti tú u rí. Mo ń wo nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n bá jìnnà síra wọn gan-an, wọ́n ti pa bátìrì mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan nìyẹn. Mo sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ àpótí, ẹrẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, mọ́tò tí omi gbé ni, ẹ sá. Ṣọ́ọ̀bù kejì ní èyí tó jáde lára Prius 2013, kò sí họ, kò sí ẹrẹ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì dúró lórí gílóòbù, ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó nǹkan. Wọ́n pè é ní ₦850,000, a bẹ̀rẹ̀ láti ₦500,000, Alájì fúnra wọn ló ná an torí àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ tí wọ́n á pè wọ́n padà, ó já sí ₦680,000, wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti dá a padà tó bá ní wàhálà. A kọ ọ́ sórí rìsíìtì.

Kíkó o sínú mọ́tò ò gba àkókò. A pààrọ̀ irin bàbà tó ti jẹ, a fọ ìyókù, a fi fáànù tó ti mọ́ padà, a rọra di nọ́ọ̀tì, torí nọ́ọ̀tì yẹn kékeré ni, ẹni tó bá fi agbára fún un á já a. A wá ran àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹnu ihò atẹ́gùn, tó ṣe é yọ fọ̀, ìyàwó Alájì ló ṣe àwọ̀n náà nílé. Mo ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀lì ò gbọdọ̀ sí lápá ọ̀tún mọ́, éésì sì gbọ́dọ̀ máa wà lórí tí oòrùn bá mú. Mo tún kìlọ̀ fún wọn nípa epo: kí wọ́n má jẹ́ kó gbẹ rárá, torí tí epo bá tán mọ́tò á ṣì máa fi bátìrì rìn díẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ á máa dúpẹ́ pé hybrid gbé òun dé ilé epo, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ tí bátìrì gbẹ lọ́jọ́ yẹn lè sọ sẹ́ẹ̀lì di òkú.

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí. Sẹ́ńsọ̀ àárín tó ń kà 51 lọ́jọ́sí, ìgbà tí wọ́n gbé e wá fún àyẹ̀wò láti Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án gangan, 39 ló kà. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ MPG 43 (iye máìlì tó ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù epo kan), nígbà tó jẹ́ pé 31 ló wà nígbà tó kọ́kọ́ dé. Mo rí bẹ́ẹ̀lì kan lórí ìjókòó ẹ̀yìn o, àmọ́ apá òsì ni wọ́n gbé e sí.

Ó ku bátìrì tó kú yẹn. Alájì ní àwọn máa gbé e fún oníínfátà kó fi tan iná ṣọ́ọ̀bù àwọn. Mo ní rárá, ṣájà oníínfátà ò mọ irú bátìrì yìí, á sè é ni, bẹ́ẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Mo wọn ọ́n, mọ́kànlá ṣì dára nínú 28, mo rà á lọ́wọ́ wọn ní ₦110,000 fún àwọn oníbàárà tó ń wá sẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì. Bátìrì ₦680,000, iṣẹ́ ₦70,000, irin bàbà àti wóróbo ₦18,000, a yọ ₦110,000, ó ku ₦658,000. Alájì ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé kedere kí n tẹ sítáǹbù sí i, torí ìyàwó àwọn ò gbà pé bátìrì lè jẹ́ iye yẹn.